Wáyà Iná Inú Ilé àti Orí Fífọ́

Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé wáyà iná inú ògiri ni kì í jẹ́ kí àwọn sùn, tí ó ń fọ́ àwọn lórí. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2005 pé òótọ́ ni ìnira wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé agbára iná ni ó ń fà á. Nígbà tí a tan agbára náà tí a sì pa á láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, wọn kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Kí ni ń fọ́ orí nígbà náà? Ní Niamey, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, Nàìjíríà gé iná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí Niger, àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ sì gbára lé jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn rárá: orí fífọ́ àti òòyì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ikú ni ó sì lè fi parí. Ibà pẹ̀lú ń fọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru oṣù Kẹrin. Ẹni tí ó di gbogbo ẹ̀bi ru wáyà lè sùn ti èéfín náà láìfura.

Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí dókítà sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wáyà tí ara rẹ̀ ti bó ni kí a pe oníṣẹ́ iná sí, nítorí ìyẹn a máa gbé ènìyàn.