Ìyẹ́ Àgùàlà: ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ àwòrán oòrùn

Nígbà tí mo ń tú àlàyé àwòrán oòrùn kan sí Yorùbá fún kíláàsì mi, mo kọ pé: «A rí ohun abìyẹ́ kan lẹ́bàá oòrùn.» Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé: «Olùkọ́, ta ló wà nínú ọkọ̀ náà?» Ìgbà náà ni mo rí àṣìṣe mi.

SOHO, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní 1995, ló ya àwòrán náà. Kámẹ́rà rẹ̀ tó ń jẹ́ LASCO máa ń fi àwo bo ojú oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ tó ṣú díẹ̀ tó yí i ká lè hàn. Bí Àgùàlà bá kọjá níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà á kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí ìkòkò tí a gbé sínú òjò, èyí tó ṣẹ́kù á sì ṣàn sí ti ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìlà funfun á wá yọ lọ́tùn-ún lósì Àgùàlà: òun ni «ìyẹ́» náà.

«A rí» ń jẹ́rìí pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ báyìí: «Ẹ̀rọ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ Àgùàlà.» Nígbà tí olùṣe yí padà, kò sẹ́ni tó tún béèrè ọkọ̀ mọ́.