Ilé Onítì Igi, Ilé Eléèpo Igi

Ọmọdé tó bá ka Little House on the Prairie kì í gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀. Laura Ingalls Wilder, tó gbé ìwé náà jáde ní 1935, mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kọ́lé: bí Pa, bàbá rẹ̀, ṣe to ìtì igi léra títí ó fi di ògiri, bí ó ṣe ṣe ilẹ̀kùn láìlo ìṣó kan ṣoṣo, bí ó ṣe ń kọ́kọ́ sọ àbẹ́là títàn kalẹ̀ sínú kànga kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí afẹ́fẹ́ burúkú tó ń pa ènìyàn nísàlẹ̀. Aládùúgbò tó ka èyí sí àṣejù, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ.

Louise Erdrich náà kò fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣeré. Nínú The Birchbark House, tó jáde ní 1999, Omakayas, ọmọ Ojibwe tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ń bá Nokomis, ìyá àgbà rẹ̀, wá èèpo igi birch tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìgbà ooru lórí erékùṣù kan nínú adágún Superior, ní 1847. Ó kórìíra fífá awọ ẹran, kò sì fi í pamọ́. Èyí wù mí. Ma, ìyá Laura, kò ní gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ibi tí àìsàn ti wọlé ni ọ̀nà ìwé méjèèjì ti yà. Ní Kansas, níbi tí ìtàn Wilder ti wáyé, ibà dá gbogbo ilé Laura dùbúlẹ̀, débi pé ṣe ló rá kòrò lọ bu omi fún Mary, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà George Tann, adúláwọ̀ tó ń tọ́jú àwọn Osage, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, yà sílé wọn, ó fún wọn ní oògùn kíkorò, gbogbo wọn sì dìde. (Ìyáàfin Scott, aládùúgbò wọn, ní bàrà tí wọ́n jẹ ló fà á. Pa lọ wá òmíràn jẹ.) Lọ́dọ̀ Omakayas, àlejò kan ló dé lóru ọ̀gìnnìtìn, ó kú sáàárín wọn, ilẹ̀ sì gbóná. Ọwọ́ Omakayas ni Neewo, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọwọ́, kú sí. Laura náà pàdánù àbúrò ọkùnrin, Freddie, ní 1876, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i nínú ìwé kankan tó kọ fún ọmọdé. Lójú tèmi, Erdrich ló nígboyà jù níbí.

Ilẹ̀ Osage ni Pa kọ́lé sí, láìgbàṣẹ ọmọ onílẹ̀. Laura béèrè ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó lọ sùn. Mo yin Wilder pé ó jẹ́ kí ìbéèrè ọmọ náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn Osage tó ń wọlé tó ń jáde, bóyá la rí ẹnì kan tó lórúkọ, nígbà tó jẹ́ pé kannakánná tí Omakayas ń sìn gan-an ní tirẹ̀: Andeg.

Ní 1871, àwọn Ingalls fi Kansas sílẹ̀. Ìwé ní nítorí àwọn ṣọ́jà ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tó ra ilẹ̀ wọn ní Wisconsin kò rí owó san mọ́, ilẹ̀ náà padà di tiwọn, wọ́n sì padà síbẹ̀. Nínú The Game of Silence, ìwé kejì nínú ìtàn Omakayas, àṣẹ ìjọba dé bá àwọn ará Omakayas ní 1850 pé kí wọ́n kó kúrò ní erékùṣù wọn. Wọn kò ní Wisconsin mìíràn.