Ilé Kótópó Tí Adùn Ń Gbé

Tábìlì arákùnrin kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Abẹ́ ìbòrí páànù kan ló gbé e sí, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ibògún, níbi tí eruku pupa ti ń bo ohunkóhun téèyàn ò bá fi ọ̀rá bò. Fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tún ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, fóònù kankan kò sí níwájú rẹ̀. Atomizer mẹ́ta, ìyẹn apá vape tó ń sọ omi di ìkuukùu, ló tò kalẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ń lò ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká wáyà sí, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ki òwú bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó,” ó ní. “Mo fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn lónìí.”

Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Sìgá ló ń mu tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sórí vape. Èmi kì í mu ọ̀kankan nínú méjèèjì, n kò sì ní gba ẹni tí kò mu ún rí nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀, nítorí nikotíìnì kì í jẹ́ kéèyàn jáwọ́ bọ̀rọ̀. Ìrántí ìyá àgbà mi ló mú mi jókòó. Ìkòkò tábà amọ̀ ló ń lò, orí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí wọ́n bá ra èyí tó tóbi fún un, á dá a padà: ó ní ìkòkò ńlá kàn ń mú ẹnu gbóná ni, kì í jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó ń mu. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1600 ni tábà wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ni àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe máa ń fi àfọ́kù ìkòkò tábà mọ bí ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ti pẹ́ tó.

Arákùnrin náà ṣí èkíní nínú atomizer rẹ̀. Ó tóbi, ó ní ojú wáyà méjì àti táǹkì tó lè gba omi púpọ̀. “Ẹni tó bá fẹ́ kí èéfín bo ojú òun ló ni èyí,” ó ní. Ó fi ẹ̀mú kékeré tọ́ka sí inú rẹ̀. Àyè ibẹ̀ pọ̀ jù: ìkuukùu á tú ká, á sì ti tutù kó tó dé ẹnu. Èkejì ní táǹkì náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ há. Téèyàn bá rọ omi sí i láàárọ̀, òwú á máa fà á díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀ tàbí Mọ́wé. Ẹ̀kẹta kò ní táǹkì rárá. Orí òwú gan-an ni wọ́n ń kán omi sí, ó sì di dandan kéèyàn tún un kán lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tó bá ti fà á. Ìnira ni, ṣùgbọ́n òun ló mú. Ojú wáyà kan péré ló gbà, òrùlé inú rẹ̀ sì ṣe kòǹkò bí inú igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ó sún mọ́ wáyà tó fi dà bíi pé yóò kàn án.

Ibi ihò afẹ́fẹ́ ló ti pẹ́ jù. Abẹ́ wáyà ni afẹ́fẹ́ ti gbọ́dọ̀ wọlé, kó gbá a tààrà. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ló sọ sí mi lọ́kàn: bí ẹnu ẹwìrì kò bá kọjú sí ẹyin iná, eérú lásán ni wọ́n ń fẹ́.

Lẹ́yìn tó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ òróró ẹ̀rọ kúrò lára atomizer náà, ó gé wáyà Kanthal. Irin, chromium àti aluminium ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, Sweden ló sì ti ṣẹ̀. Èyí tó mú nípọn tó ìdá mẹ́rin nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Ó ká a lẹ́ẹ̀mẹ́fà mọ́ ọ̀pá tó nípọn tó mìlímítà 3, ó dè é, ó fi mítà wọ̀n ọ́n: óòmù 0.8. “Tó bá jẹ́ òdo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, wáyà ti kan irin nìyẹn. Mi ò ní tẹ bátìrì.” Ó sún iná sí wáàtì 18, ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́ pọ́n. Ó fi ẹ̀mú fún wáyà náà pọ̀ títí pípọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láti àárín wá sí ẹ̀gbẹ́. Inú mi dùn láti rí i.

Òwú ni mo rò pé ó rọrùn jù. Irọ́ ni. Ó yí i, ó kì í bọ̀, ó fà á yọ, ó bu díẹ̀ kúrò, ó tún un kì. Ó ní ó yẹ kó máa há díẹ̀ bó ṣe ń kọjá, láìfa wáyà lọ. Bó bá pọ̀ jù, omi ò ní lè rìn, òwú á jó. Ìyẹn sì ju ọ̀rọ̀ kíkorò lọ, torí májèlé bíi formaldehyde máa ń jáde nígbà tó bá gbẹ tó sì jó. Bó bá kéré jù, omi á máa jò. Ó tú etí òwú méjèèjì bí ẹni ń tú irun ọmọdé, ó rọra tẹ́ wọn sílẹ̀ láìkì wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wá gba fóònù ìyá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí atomizer. Arákùnrin náà gbé e wọ inú dúrọ́ọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2015 kò gbà kí wọ́n ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òun fi í de ohun tó wà lórí tábìlì tirẹ̀ náà. “Ẹ kí màámi,” ó sọ fún ọmọ náà, ó fún un ní ṣéńjì rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó gbé atomizer jáde. Omi vape aládùn máńgòrò ló kán sí i. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ glycerine, tó ń mú ìkuukùu nípọn. Ìdajì jẹ́ propylene glycol, tó ń gbé adùn jáde jù. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Ó ṣí òrùlé, ó rẹ wáyà sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí ìbú irun, kó lè sún mọ́ ihò. Ó tún un fà, ó dijú, ó pẹ́ kó tó la ẹnu.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣúgà lásán ni ti àkọ́kọ́ yẹn. Òórùn èèpo máńgòrò ni mò ń gbọ́ báyìí.”