Plugin wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ ta gàrí Ìjẹ̀bú lórí búlọ́ọ̀gù?

Ẹni tó ń kọ búlọ́ọ̀gù nípa oúnjẹ ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń bi í léraléra pé níbo làwọn ti lè rí ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú rà, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá plugin, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìkànnì kó lè máa tajà kó sì máa gbowó. Bó bá wá a lórí Google, àwọn orúkọ kan náà ni yóò máa bá pàdé: WooCommerce, Easy Digital Downloads, Ecwid, Shopify. Àwọn tó kọ nípa wọn á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á ka gbogbo ohun tó lè ṣe, wọ́n á sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ní lọ́kàn, ẹni tó ń fi káàdì tàbí PayPal sanwó, tí ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí ẹni tó ń pín lẹ́tà sì mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èrò tèmi ni pé láti ẹ̀yìn ló yẹ kí oníṣòwò tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí owó yóò gbà wọlé àti ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà jáde, kó tó béèrè plugin tó lè gba ọ̀nà méjèèjì láìsọ ọ́ di ẹni tó ń fi dọ́là san gbèsè lóṣooṣù. Ẹni tó bá tò ó báyìí yóò rí i pé ìwọ̀nba ni orúkọ tó ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti owó ná. Láti ọdún 2014 ni PayPal ti gba àwa ará Nàìjíríà láàyè láti ṣí àkáǹtì, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ká fi sanwó nìkan ni. Kò sí gbígba owó. Ìgbà tó di 2021 ni ilé-iṣẹ́ ìsanwó Flutterwave bá wọn ṣàdéhùn kí oníṣòwò lè gba owó oníbàárà tó ń lo PayPal. Stripe, tí ọ̀pọ̀ plugin gbára lé, ọwọ́ Paystack ló gbà wọ Nàìjíríà, nígbà tó ra ilé-iṣẹ́ ìsanwó yìí lọ́dún 2020 ní iye tí ìròyìn sọ pé ó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Nítorí náà, kí ẹ tó wo ìràwọ̀ tí wọ́n fún plugin kankan, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ó gba Paystack tàbí Flutterwave. WooCommerce, tó ń ṣiṣẹ́ lórí WordPress, gba méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni ètò tó so wọ́n pọ̀. Shopify náà gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ètò ìsanwó tirẹ̀ tí kò tíì dé Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá wà ní ìpele Basic tí kò lo ètò yẹn yóò san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún un lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí èyí tí Paystack yóò yọ. Ìyà ohun tí ẹnì kan kò lè rí lò ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ yẹn.

Ohun tí Paystack ń yọ gan-an kò ṣòroó ṣírò. Lórí owó tó wá láti Nàìjíríà, ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni, pẹ̀lú ₦100. Kì í gba ₦100 yẹn bí ọjà kò bá tó ₦2,500, kì í sì í yọ ju ₦2,000 lọ bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Ẹni tó ta gàrí ₦10,000 yóò pàdánù ₦250. Ẹni tó ta ti ₦2,000, ₦30 péré ni. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London bá fi káàdì òkèèrè ra ti ₦50,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 ni wọn yóò yọ, ìyẹn ₦2,050. Owó yẹn kì í ṣe kékeré lórí ọjà tí èrè rẹ̀ kò pọ̀, ó sì yẹ kó ti wà nínú iye tí ẹ dá lé ọjà kó tó di pé ẹ gbé e sórí ìkànnì.

Àmọ́ káàdì kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó náírà tí owó sì wọ́n bí ojú, àwọn tí kò fi fóònù fowó ránṣẹ́ rí kọ́ ọ tipátipá. Láti ìgbà náà, alákàrà àti ọlọ́kadà náà ní nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń kà fún oníbàárà. WooCommerce ní àyè fún irú ìsanwó yìí láti ìpìlẹ̀: oníbàárà á rí nọ́ńbà àkáǹtì yín, yóò lọ fowó ránṣẹ́, ọjà náà á sì dúró ní «on hold» títí ẹ ó fi yẹ àkáǹtì wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ta ẹyọ méjì lọ́jọ́ lè fara dà á. Tó bá di ogún, ibẹ̀ ni àwọn oní-alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti ń rí ọwọ́ mú, nítorí àwòrán alẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò fi ránṣẹ́, wọn yóò sì máa kánjú bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀nà tó sàn ni ti Paystack tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà àkáǹtì onígbà díẹ̀ fún ọjà yẹn nìkan. Bí owó bá wọ ibẹ̀, ìkànnì fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti san; bí kò bá wọlé, àwòrán ẹgbẹ̀rún kan kò lè yí i padà. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo yìí wúlò fún oníṣòwò wa ju gbogbo ọ̀ṣọ́ tí àwọn plugin mìíràn ń fi pariwo.

Ẹrù ni ìṣòro kejì, òun ló sì máa ń dójú ti ètò tí wọ́n ṣe fún ìlú òyìnbó. Àpò gàrí tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó, gáréèjì ni yóò gbà: awakọ̀ á gbà á ní waybill, oníbàárà á lọ pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń já èrò. Èyí tó bá gba ọwọ́ ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà, «ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé» ni àdírẹ́sì rẹ̀. Plugin tó bá ń fi dandan béèrè nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ kí ó tó jẹ́ kí ènìyàn sanwó yóò lé oníbàárà lọ ni. Láti 2016 ni WooCommerce ti ní ètò tó ń pín ibi tí ọjà ń lọ sí agbègbè agbègbè, kí iye owó Èkó lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Àléébù rẹ̀ fún wa ni pé orí ìpínlẹ̀ ló ti ń pín in, kì í ṣe orí ìlú. Lójú rẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè tó wà nítòsí àti Abígí ní Ogun Waterside, níbi tí ọ̀nà omi ti bẹ̀rẹ̀, Ògùn kan náà ni. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ lè fi iye owó mẹ́ta mẹ́rin sábẹ́ Ògùn, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí oníbàárà mọ̀, bíi «gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde» tàbí «Abígí àti agbègbè rẹ̀», kó fúnra rẹ̀ yan tirẹ̀. Ẹ tún lè fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wá gbé ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ò sì ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi gbogbo wàhálà yìí ṣe, nígbà tí Shopify ń bójú tó ohun gbogbo fúnni. Òótọ́ ni pé ó ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ owó náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bíi ₦460 ni dọ́là kan ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti dé ₦1,500. Dọ́là 39 tí Shopify ń gbà lóṣù lórí ìpele Basic yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦18,000 ní iye àkọ́kọ́, yóò sì jẹ́ ₦58,500 ní èkejì. Láàárín ìgbà náà, gàrí kò fi ìlọ́po mẹ́ta wọ́n kí owó ìsọ̀ yìí lè rí ẹsẹ̀ dúró sí. Ọ̀fẹ́ ni WooCommerce ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WooThemes tó fìdí kalẹ̀ sí Cape Town ní South Africa ló gbé e jáde lọ́dún 2011, kí Automattic, ilé-iṣẹ́ tó ni WordPress.com, tó rà á ní 2015. Pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ká máa tan ara wa o. Ẹ ó san owó orúkọ ìkànnì, ẹ ó san owó ibi tí ìkànnì ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú àfikún tó wuyì sì ń gba dọ́là lọ́dọọdún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a rí ilé-iṣẹ́ nílé níbí, bíi Whogohost tó ń jẹ́ GO54 báyìí, tó ń gba náírà, àfikún olówó iyebíye sì wà fún ẹni tó bá wù ú nìkan.

Àtakò tó lágbára jù ni ti WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ń tajà níbẹ̀ láìní búlọ́ọ̀gù, wọ́n ń ná an, wọ́n ń bá oníbàárà ṣàwàdà, ọjà sì ń tà. N kò ní bá wọn jiyàn lórí èyí. Oníbàárà wa fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn kó tó yọ owó, kò sì sí plugin tó mọ ìdunàádúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àkọsílẹ̀ ọjà àti orúkọ oníbàárà má wà níbẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri àgbáyé. Lọ́dún kan náà, láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, àwọn tó sì kó gbogbo oníbàárà wọn síbẹ̀ kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú WooCommerce, orí sáfà tí ẹ ń sanwó rẹ̀ ni orúkọ àwọn oníbàárà wà, ẹ sì lè kó wọn lọ sí ibòmíràn nígbà tó bá wù yín. Ẹ̀tọ́ yẹn ní ẹrù tirẹ̀: láti 2023 tí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti di òfin ní Nàìjíríà, ẹni tó bá tọ́jú nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni yóò dáhùn bó bá jò sí ọwọ́ gbájúẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa WooCommerce. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n rí ihò ńlá kan nínú rẹ̀ tó lè jẹ́ kí ọlọ́ṣà ka ohun tó wà nínú àpótí ìsọfúnni ìkànnì, débi pé àwọn tó ni ín fi tipá ti àtúnṣe ránṣẹ́ sí ìkànnì àwọn tó ń lò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa gba àtúnṣe bó ṣe ń jáde, tí kò sì lẹ́ni tó lè bá a ṣe é, kó má dáwọ́ lé e. Ní tòótọ́, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ kò nílò plugin kankan: kó ṣí ojú-ewé ìsanwó lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Paystack, kó lẹ ìlà rẹ̀ sábẹ́ àpilẹ̀kọ, ó parí. Ojú ọ̀nà tó dára jù nìyẹn náà fún ẹni tí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ wà lórí Blogger tàbí orí WordPress.com ọ̀fẹ́, nítorí wọn kò gba irú plugin yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè tó fẹ́ ta ìwé orí fóònù kò ní ẹrù kankan láti gbé lọ sí gáréèjì; Easy Digital Downloads ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, tàbí kó lọ sórí ìkànnì Selar, tó ń yọ ìdá tirẹ̀ nígbà tí ọjà bá tà.

Ẹni tó bá wá yan WooCommerce lẹ́yìn gbogbo èyí, kó má fi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ dán an wò. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kó lò, pẹ̀lú dátà tirẹ̀, nítorí láti ìgbà tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwòrán ńláńlá tí kò wúlò ti di owó tí oníbàárà ń san kó tó rí gàrí sójú. Kó ra ọjà ara rẹ̀ dópin, kó san án, kó wo bóyá ìfitónilétí wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó sì wo bóyá owó ìgbé ọjà sí Abígí bá ohun tí awakọ̀ ń gbà mu. Nígbà tó bá wá ń kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán gàrí, àwọn àyè tí plugin yóò ní kó kún ni iye owó, ìwọ̀n àti iye tó kù nílẹ̀. Kò ní bi í ní nọ́ńbà NAFDAC, bẹ́ẹ̀ gàrí tí wọ́n bá dì sínú ọ̀rá fún títà nílò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rántí láti kọ ọ́ síbẹ̀.