Mọ́tò Pọ́ọ́kú: Ìgbẹ̀yìn Ni Ń Yé Olókùú Àdá

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Tíṣà ni mí ní agbègbè Ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí láàárín ọdún mẹ́ta tó ohun tí ènìyàn fi ń kọ́ ọmọlàkejì lọ́gbọ́n.

Ní 2021, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra mọ́tò àlòkù. Ọ̀rẹ́ mi ra Toyota Corolla ní 1,900,000 náírà. Èmi rí òmíràn, tí n kò ní dárúkọ irú rẹ̀, ní 1,300,000 náírà. Tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì ń dán. Ni mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìwọ yìí, o sọ 600,000 náírà sọ́jà lásán." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára. Jẹ́ kí á jọ máa kọ ìnáwó wa sílẹ̀ sínú ìwé." Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí gíà fi daṣẹ́ sílẹ̀. Mẹ́káníìkì wa ní Ìfọ́n wò ó títí, ó mi orí, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, irú èyí kò kọjá lọ́wọ́ mi rí." A fà á dé Ọ̀wọ̀, wọn kò ní páàtì rẹ̀ níbẹ̀. Benin ni a ti rí i rà. Mo san owó páàtì, mo san owó ọkọ̀ ẹni tí ó lọ rà á, mo san owó iṣẹ́.

Mo ròyìn fún bàbá mi, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kò bèèrè ohun tí ó yẹ kí o bèèrè." Wọ́n rán mi létí pé ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó. Ìjàpá Volkswagen kò ní rẹ́díétọ̀ rárá, atẹ́gùn ni ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Peugeot 504 ní tirẹ̀ lè gba ọ̀nà gbágungbàgun. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tíṣà fi fẹ́ràn wọn jù ni pé páàtì wọn wà nítòsí, ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì lásán sì mọ inú wọn. Àwọn mọ́tò náà ti di ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà kò gbó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 2023, gìrì mú ọmọ wa. A gbé e sínú mọ́tò, ó di ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí a ń sún mọ́ Ẹlẹ́gbẹ́ka, ẹ́ńjìnnì kú pátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọ̀nà yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ibẹ̀ ni àwọn agbébọn ti pa Ọlúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéusì, ní oṣù kọkànlá 2020. Ilẹ̀ ń ṣú, igbó wà lọ́tùn-ún àti lósì, ìyàwó mi gbé ọmọ mọ́ àyà, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ agégẹdú kan ni Ọlọ́run fi ṣàánú wa, awakọ̀ náà gbé wa dé Ọ̀wọ̀. Ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó tí a kò ná sí mọ́tò tí ó dára, a lè fi ohun tí ó ju owó lọ san án.

Ní 2024 a ṣí ìwé wa. Gíà gba 350,000 náírà lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì, 280,000, ṣọ́kù àti búṣì, 120,000, rẹ́díétọ̀, 90,000, wótowòto, 140,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 980,000 náírà. Ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ 310,000. Ẹ bá mi rò ó: iye tí a rà á pẹ̀lú àtúnṣe, tèmi di 2,280,000, tirẹ̀ di 2,210,000. Mo ta tèmi ní 700,000, nítorí náà mo pàdánù 1,580,000 láàárín oṣù 36. Èyí ju 43,000 náírà lọ lóṣooṣù, láìka epo. Mọ́tò ọ̀rẹ́ mi ṣì ń rìn, ẹnì kan sì ti ní òun yóò rà á ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè pé: Ta ni yóò tún un ṣe ní ìlú mi? Èló ni gíà rẹ̀, èló ni ṣọ́kù rẹ̀, ṣé mo lè rí i ní Ọ̀wọ̀ tàbí Àkúrẹ́? Ní oṣù kẹfà 2023 ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, láti ìgbà náà ni owó páàtì òkè òkun ti fò sókè. Ẹ bèèrè bí ó ṣe ń mu epo, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti ju 1,000 lọ kí 2024 tó parí. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kẹ́rù láti oko, ẹ má ra èyí tí inú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Ẹ má sì ná gbogbo owó àyálò tán sórí rírà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra mọ́tò, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń bọ́ ọ.