Ọkọ̀ Tó Pa Ẹnu Dé

Omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá l'Óṣogbo kì í dúró síbẹ̀. Láti Ìgèdè-Èkìtì tó ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ wa kọjá, ó sì ń lọ bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kkí, níbi tí ọkọ̀ àjẹ̀ ti ń gbé ọlọ́jà, apẹja àti ọmọ iléèwé. Àwa tí a wà ní Òṣú, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, ọkọ̀ tí a mọ̀ jù ni èyí tó ní táyà. Síbẹ̀, igi tó ń hù nínú igbó wa, ọ̀gànwó, ìrókò, arère, irú wọn ni àwọn ará etí ọ̀sà ń gbẹ́ lọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tó ń gbé èèyàn lórí omi kàn wá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ọ̀kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: káyáàkì, ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tí wọ́n ń wà lórí òkun.

Àwọn Inuit tó ń gbé Greenland àti òkè Kánádà ló ni ín láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igi ńlá kì í hù lọ́dọ̀ wọn, kò sí ìtì tí wọn ì bá gbẹ́. Igi tí òkun bá gbé wá sétí ilẹ̀ àti egungun ẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n wá fi awọ séèlì bò ó látòkè dé ìsàlẹ̀, àfi ihò kan láàárín tí ọdẹ máa wọ̀ sí. Omi ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá já sínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Ìbẹ̀rù omi tútù yìí ló bí gbogbo ọgbọ́n tó wà lára ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ tiwa la ẹnu sókè. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀: èyí tí darandaran kan bá pàdé nínú ilẹ̀ ní Dufuna, ní Yobe, lọ́dún 1987, ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún, ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ nínú ni òun náà. Bí ìgbì bá da omi sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan á máa wà á, ẹnìkan á máa fi igbá gbọ́n omi. Káyáàkì pa ẹnu dé ní tirẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ máa so yẹ̀rì rọ́bà kan mọ́ ìbàdí, á wá na etí yẹ̀rì náà yí ihò ìjókòó ká títí yóò fi há pinpin. Látìgbà yẹn, ìgbì lè gun orí ọkọ̀ kọjá, kò ríbi wọlé.

Ohun tó ń ba ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́rù ni bó ṣe tín-ín-rín. Ó lè gùn tó mítà 5, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì ju sẹ̀ǹtímítà 55 sí 60 lọ. Kí ló dé tí kì í dojú dé? Omi tí ọkọ̀ tì kúrò lọ́nà ló ń tì í sókè, àárín apá tó rì sómi ni títì yẹn sì ti ń wá. Bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún á rì sí i, apá òsì á yọ síta, ibi tí omi ti ń tì í á sún sọ́tùn-ún pẹ̀lú, á sì máa dá a padà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n ara awakọ̀ kò bá tíì kọjá ibi tí omi ti ń tì í. Ìdí nìyí tó fi ń jókòó sílẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú omi dọ́gba. Bó bá dìde dúró, ó fẹ́ wẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ara awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Orúnkún rẹ̀ ti mọ́ abẹ́ ìbòrí ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibi ìtẹsẹ̀, ìbàdí rẹ̀ há mọ́ ìjókòó. Bí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ fì, ìbàdí á máa bá a fì, orí àti àyà á dúró ṣánṣán, bí oníjó tó ń yí ìdí tí omi orí rẹ̀ kò sì dànù. Ọkọ̀ tó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, máa ń fọkàn èèyàn balẹ̀ lójú omi tó parọ́rọ́. Bí ìgbì bá dé, ó di dandan fún un láti tẹ̀lé ojú omi, bí omi bá dagun, òun náà á dagun. Káyáàkì tó tín-ín-rín fi bóyá yóò dagun tàbí kò ní dagun sọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé òun ló yẹ lójú òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ́ rẹ̀ le.

Àjẹ̀ rẹ̀ olójú méjì ni, ó gùn ju èèyàn lọ, ó tó mítà 2.2. Bí a bá fi àjẹ̀ olójú kan wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, imú ọkọ̀ á máa yà sósì. Ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ wa fi ń yí ọwọ́ po nígbà tí àjẹ̀ bá fẹ́ kúrò nínú omi. Olójú méjì ń gbá ọ̀tún, ó ń gbá òsì, yíyà sósì àti yíyà sọ́tùn-ún ń pa ara wọn rẹ́. Àwọn ọmọ wa ti fi méjèèjì díje. Ayomide Bello, tó gba góòlù mẹ́rin fún Nàìjíríà ní Rabat lọ́dún 2019, tó sì dé Olympics Tokyo, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń wa tirẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ olójú kan. Jonathan Akinyemi, tí wọ́n bí ní England, tó ṣojú Nàìjíríà ní London lọ́dún 2012, káyáàkì ni tirẹ̀, nínú omi tó ń ru gùdù.

Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ní ìyọnu tirẹ̀. Imú ọkọ̀ ń gún omi tí kò tíì rú, omi yẹn sì dì í mú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gba inú omi tó ti rú, kò rí ohun dì mú, atẹ́gùn á gbá a lọ, imú á sì kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Wọ́n wá fi abẹ pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó ṣeé fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìtọ́kọ̀, kì í yí ọkọ̀. Ó kàn ń fún ẹ̀yìn ní ìdúró ni.

Tó bá wá dojú dé ńkọ́? Awakọ̀ ti sọ orí kodò nínú omi, yẹ̀rì ṣì so ó mọ́ ọkọ̀. Á gbé ojú àjẹ̀ wá sójú omi, á gbá a yípo láti iwájú lọ sẹ́yìn, omi tí àjẹ̀ ń tẹ̀ á gbà á dúró díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ìbàdí àti orúnkún á já ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ dìde, ara tẹ̀ lé e, orí ló ń kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kùnà, nítorí gbogbo ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe mí. Orí wúwo tó kílò 4 sí 5. Bó bá ti kúrò nínú omi tó ń gbé e ṣáájú àkókò, á tún fa ọkọ̀ padà. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń fi ìyípo yìí díje ní Greenland.

Hannes Lindemann, dókítà ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Liberia, dán irú ọkọ̀ méjèèjì wò. Lọ́dún 1955, ó gbé ọkọ̀ ìtì tí wọ́n gbẹ́ ní Liberia kọjá òkun Àtìláńtíìkì, láti erékùṣù Canary dé Karíbíánì. Lọ́dún 1956, ó fi káyáàkì aláṣọ tó ṣeé ká tọ ọ̀nà kan náà, ọjọ́ 72. Ó ta ìgbòkun sí méjèèjì. Ìjì dojú káyáàkì náà dé mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdí ọkọ̀ tó yọ sókè ló dì mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìdí ọkọ̀ yọ sókè nítorí pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Káyáàkì òde òní fi ìganná pín inú ara rẹ̀: iwájú dá wà, ẹ̀yìn dá wà, omi tó bá wọ ihò ìjókòó kò lè dé ibẹ̀. Bí ìyípo bá kùnà, awakọ̀ á fa okùn etí yẹ̀rì, á bọ́ jáde, á di ọkọ̀ rẹ̀ mú. Ẹnìkejì rẹ̀ á wà á dé, á gbé imú ọkọ̀ tó dojú dé gun orí tirẹ̀, omi á dà jáde, á yí i padà, á sì dì í mú gírígírí kí ẹni tó wà nínú omi lè gùn ún padà. Ìdí nìyí tí àwọn awakáyáàkì kì í fẹ́ dá lọ sójú òkun, ẹni mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fẹ́ kó pé.

Ìganná yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kan ọkọ̀ pákó ní Ẹ̀pẹ́, Màkókò àti Ayétòrò wò dáadáa. Ọkọ̀ wa kò lè pa ẹnu dé, ẹrù àti èèyàn ló ń kó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi pákó dí imú àti ìdí rẹ̀ pa, tí wọ́n sì dí gbogbo ojú ìsopọ̀ kí omi má lè wọlé, ọkọ̀ tó kún fómi á ṣì ṣẹ́kù sókè tó láti gbé àwọn tó bá dì í mú dúró dìgbà tí ọkọ̀ mìíràn á fi dé.