Iṣẹ́ Ọwọ́ Lójú Ọ̀nà Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwọn tí ń fi oko sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá owó ní ìlú mìíràn. Ó wà fún àwọn tí ń dúró dè wọ́n nílé pẹ̀lú.

1. Ìdí tí a fi ń lọ

Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì máa ń rọ̀ títí di oṣù keje. Ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, òjò àrọ̀kúrò yóò rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, òjò ti tán. Ọyẹ́ dé. Àgbàdo àti ẹ̀pà ti wọlé. Ilẹ̀ gbẹ, ó le, kò ṣe é ro mọ́. Omi pàápàá a máa wọ́n ní ilẹ̀ òkè wa yìí, nítorí pé odò kò pọ̀, omi inú ilẹ̀ sì jìn.

Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kì í jókòó lásán. Aránṣọ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ á di àpò rẹ̀. Onídìrí á mú ìyàrun rẹ̀. Ẹni tí ń tún bàtà tàbí fóònù ṣe á kó irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á lọ sí Pobè, Sakété, Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Àwọn mìíràn á gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní ọkọ̀ ńlá tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé ní apá àríwá, wọ́n á wa ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí oòrùn wà, bí Arizona tàbí Florida. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Nínú rẹ̀ náà ni àwọn mìíràn nínú wọn ti ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí oníbàárà. Òtútù ni ó lé wọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó lé wa. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni ó ń bá wọn àti àwa: ọ̀nà ń jẹ owó, iṣẹ́ kì í dé lójoojúmọ́, ilé tí a fi sílẹ̀ sì ń retí wa.

2. Ojú owó kì í ṣe oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta, síbẹ̀ wọ́n á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó ṣe wọ́n ni pé àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Owó tí oníbàárà san wọ inú àpò yẹn. Owó òwú ti inú rẹ̀ jáde. Owó ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ti inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá ṣẹ́, kò ní sí owó tí wọ́n á fi ra òmíràn. Àwọn àgbà sọ pé, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ ní àpò mẹ́ta. Àpò kìn-ín-ní ni ti iṣẹ́: òwú, abẹ́rẹ́, òróró ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti owó àtúnṣe. Àpò kejì ni ti ẹnu yín: oúnjẹ, omi àti ibi tí ẹ ń sùn. Àpò kẹta ni ti ilé: owó ilé ìwé ọmọ, oògùn, àti irúgbìn tí ẹ ó gbìn nígbà tí òjò bá dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpò kejì wọ inú àpò kìn-ín-ní. Ojú owó ni ó ń bí èrè. Bí ẹ bá jẹ ojú owó, èrè ti kú.

3. Ìwé ìṣirò

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti kálámù kan. Ní alaalẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: owó tí ó wọlé, owó tí iṣẹ́ gbà, àti owó tí ẹnu gbà. Ẹni tí kò tíì lè kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè kọ nọ́ńbà nìkan.

Ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa jẹ́ ọjà ọrún. Bí a bá ná an ní ọjọ́ Ajé, a ó tún ná an ní ọjọ́ Ẹtì. Èyí jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú yíyípo kan kí ọjà tó tún pé. Ẹ wo ìwé aránṣọ kan fún ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Frank CFA ni owó rẹ̀.

Ọjọ́ 1, ọjọ́ ọjà: ó wọlé 4.500, iṣẹ́ gba 500, ẹnu gba 900.
Ọjọ́ 2: ó wọlé 1.800, iṣẹ́ gba 0, ẹnu gba 700.
Ọjọ́ 3: ó wọlé 3.200, iṣẹ́ gba 600, ẹnu gba 900.
Ọjọ́ 4, ọjọ́ ìrìn: ó wọlé 0, iṣẹ́ gba 1.000, ẹnu gba 500.
Àpapọ̀: ó wọlé 9.500; iṣẹ́ gba 2.100, ẹnu gba 3.000.

Bí a bá yọ 2.100 àti 3.000 kúrò nínú 9.500, ó ku 4.400. Aránṣọ yìí rí 9.500 frank lọ́wọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n 4.400 ni tirẹ̀. Bí ó bá tún yọ 400 sọ́tọ̀ nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, ó ku 4.000 fún ilé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yíyípo mẹ́wàá, èyí tí í ṣe 40 ọjọ́, yóò ní 40.000 frank.

Ẹ tún wo ọjọ́ 4 dáadáa. Kò rí kọ́bọ̀ kan, síbẹ̀ 1.500 frank jáde. Ọjọ́ ìrìn ń jẹ owó ju ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Ẹ má ṣe sáré lọ sí ọjà tí ó jìnnà nítorí pé ẹnì kan ní owó wà níbẹ̀. Ẹ yan ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kí ẹ máa yí wọn po. Oníbàárà yóò mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ọkọ̀ kò sì ní jẹ èrè yín.

4. Iye tí ó kéré jù tí ẹ lè gbà

Iṣẹ́ àti ẹnu gba 5.100 ní ọjọ́ mẹ́rin. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ó jẹ́ 1.275 frank lójúmọ́. Ìyẹn ni owó tí yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí.

Ẹ gbọ́ bí aránṣọ náà àti oníbàárà kan ṣe ń nájà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni ẹ ó gbà láti tún ṣòkòtò ọmọ mi yìí rán?"
"Ẹ ṣé o, ìyá. 300 frank ni."
"Háà! Ó ti pọ̀ jù. Ẹ gba 200."
"Ìyá mi, òwú wà nínú rẹ̀, mo sì ní ọmọ nílé bíi tiyín. Ẹ san 250."
"Ó dáa. Ẹ rán an kó le dáadáa o."

Kí ni ìdí tí kò fi gba 200? Ó mọ̀ pé iṣẹ́ mẹ́fà irú èyí ni òun sábà máa ń rí lójúmọ́. Ní 200 frank, iṣẹ́ mẹ́fà jẹ́ 1.200. Yóò dà bí ẹni pé ó rí owó, ṣùgbọ́n 75 frank ti jáde nínú ojú owó rẹ̀. Ní 250, iṣẹ́ mẹ́fà jẹ́ 1.500. Ó jèrè 225. Àádọ́ta frank tí ó wà láàárín ni ó ya ẹni tí ń jèrè sọ́tọ̀ sí ẹni tí ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín kí ẹ tó jáde nílé. Ojú ọjà kọ́ ni ibi tí a ti ń ronú iye.

5. Ohun oníbàárà kì í ṣe tiyín

Ẹni tí ń rìn kiri gbọ́dọ̀ ṣọ́ orúkọ rẹ̀ ju ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Bí ẹ bá gba aṣọ tàbí fóònù ẹnì kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye tí ẹ jọ fohùn sí, iye tí ó san sílẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò wá gbà á. Ẹ kà á sí i létí. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tí ẹ kò lè parí kí ẹ tó kúrò ní ìlú náà. Aṣọ kan tí ẹ gbé lọ lè ba ìlú kan jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, àti mọ́ gbogbo ará Kétu tí yóò wá lẹ́yìn yín.

Àwìn náà wà. Ẹ má ka àwìn mọ́ owó tí ó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé mìíràn títí a ó fi san án.

Ẹ ṣọ́ irinṣẹ́ yín pẹ̀lú. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ máa nù ún, ẹ máa ta òróró sí i, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó lálẹ́.

6. Bí ẹ bá dé ìlú onílùú

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò. Ẹ sọ orúkọ yín, ìlú yín, iṣẹ́ yín, àti ilé tí ẹ wọ̀ sí. Ẹni tí a mọ̀ ni a ń gbà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé. Ẹ bèèrè owó ọjà tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tí wọ́n bá já fún yín.

Bí ẹ bá máa kọjá sí Nàìjíríà, ẹ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti dúró ní òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọlé sínú ìwé yín.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín 14 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fi ọjà àti àwìn tí wọ́n tà sílẹ̀ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo owó yín wà ní ìlú tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

7. Owó méjì

Ẹni tí ń gba náírà, tí ó sì ń ná frank nílé, gbọ́dọ̀ kọ wọ́n sí ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iye owó kan sí èkejì kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, báńkì àgbà Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Náírà já wálẹ̀ púpọ̀ ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó kó náírà pamọ́ di ọjọ́ tí yóò padà sílé rí i pé náírà òun pé, ṣùgbọ́n frank tí ó rí gbà fún un dín. Frank tiwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì sí owó Faransé, ohun tí ó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ẹ máa pààrọ̀ owó díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo.

8. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀

Kí ẹ tó lọ, kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n fohùn sí iye tí a ó máa fi ránṣẹ́ àti ìgbà tí a ó máa fi ránṣẹ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, a lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù nípa MTN MoMo tàbí Moov Money. Ẹ fúnra yín ka ohun tí fóònù kọ: iye owó, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti owó tí wọ́n yọ. Ẹ kọ owó tí wọ́n yọ náà sínú ìwé yín. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ń bá yín fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ó wà nílé náà yẹ kí ó ní ìwé tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ gbé ìwé méjèèjì ka iwájú ara yín.

Ẹ padà kí òjò oṣù kẹta tó rọ̀. Ẹni tí ó dúró nítorí 4.000 frank kan sí i lè pàdánù àgbàdo ọdún kan. Oko kì í dúró de aránṣọ.

Ìbéèrè

1. Àpò mélòó ni ó yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ ní? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Kí ni ìdí tí ọjọ́ ìrìn fi ń jẹ èrè?
3. Onígbàjámọ̀ kan rí 7.200 frank ní ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ gba 1.400, ẹnu gba 2.800. Èló ni ó kù fún un?
4. Ẹ fa ìlà sí ojú ewé kan, kí ẹ sì kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde lọ́wọ́ yín lánàá. Ẹ mú un wá sí kíláàsì.